Erùpẹ̀ tutù, òdòdó sì ń rọ: ìbéèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin òdòdó nínú ilé l'Ájàṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àràárọ̀ ni mo ń bomi rin òdòdó tó wà ní pálọ̀ mi. Erùpẹ̀ rẹ̀ tutù, síbẹ̀ ó ń rọ, ewé ìsàlẹ̀ sì ti di pupa rúsúrúsú. Ṣé kí n fi omi kún un ni?

Ẹ má fi kún un o. Omi yẹn gan-an ló ń pa á. Gbòǹgbò ń mí, inú àlàfo kéékèèké tó wà láàárín erùpẹ̀ ló sì ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá gba àlàfo wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, gbòǹgbò á rà, gbòǹgbò tó bá sì ti rà kò lè fa omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí òdòdó tó jókòó sínú omi fi ń rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ìka ni kí ẹ fi dán an wò, ojú máa ń tanni. Ẹ tì í bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jò nídìí ìkòkò, kí ẹ sì da èyí tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ nù.

Ní ti èyí tó ń ṣàìsàn yìí, ẹ yọ ọ́ nínú ìkòkò kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò tó dára máa ń le. Èyí tó ti rà máa ń dúdú, á máa rùn, bí ẹ bá sì fi ìka méjì fà á, èèpo rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, á wá ku inú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé gbogbo irú ìyẹn kúrò, kí ẹ tún un gbìn sínú erùpẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ pupa tiwa níhìn-ín máa ń dì gbagidi bí ẹ bá lò ó lóun nìkan, nítorí náà ẹ po iyanrìn àti ajílẹ̀ tó ti jinná mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Garawa ọ̀dà ni mo gbìn ín sí. Ṣé ó burú?

Kò burú, bí ẹ bá ti lu ìdí rẹ̀. Ìṣó gbígbóná á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí omi, ìkòkò amọ̀ ọjà Àjàrá ni kó rà, torí omi ń gba ara amọ̀ jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?

Kò ní iye. Lásìkò ọyẹ́, erùpẹ̀ ń yára gbẹ. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin ọ̀sà bo gbogbo ìlú, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó béèrè omi.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Pèrègún! Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ohun tí à ń gbìn sí ààlà oko àti ojúbọ Ògún, owó gidi ni àwọn ará Yúróòpù fi ń rà á sí pálọ̀ wọn. *Dracaena fragrans* ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni ọ̀já ìkookò. Ewé rẹ̀ ki, ó ń tọ́jú omi sínú ara, nítorí náà ó lè fara da ẹni tó máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè máa gbé inú òkùnkùn. Ẹ gbé wọn sún mọ́ fèrèsé.

Ìbéèrè: Ìyá mi ní òdòdó inú yàrá ń gba èémí èèyàn lóru. Ṣé lóòótọ́ ni?

Òdòdó ń mí lóru lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà kò tó nǹkan. Ẹni tó sùn tì yín ń gbà jù ú lọ fíìfíì. Kódà, òru ni ọ̀já ìkookò máa ń fa afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta sínú.

Ohun tó yẹ kí Màmá bẹ̀rù ni *Dieffenbachia*, èyí tó ní ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ alámì funfun yẹn. Bí ọmọdé bá jẹ ewé rẹ̀, ẹnu àti ahọ́n á máa ta á, á sì wú. Bí ọmọ tó ń rá bá wà nílé, ẹ má rà á.