Àwọn tó ń dúró ti ìyàwó: bí ipò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ló kọ́ wa láti yan ọ̀rẹ́ ìyàwó àti ọ̀rẹ́ ọkọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ gbọọrọ, òdòdó ọwọ́ àti ìbọ̀wọ́ funfun ló bá ọkọ̀ ojú omi dé. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn náà ń ṣe ti wà ní agbolé wa tipẹ́.

Òṣogbo dára láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orísun rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ti wá tẹ ìlú dó sẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, àwọn tó ń sá àsálà ya wọ ìlú, pàápàá lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin níbẹ̀ ní 1840. Ẹkún ìyàwó wà lára ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ní, ẹkún ìyàwó sì ni mo kà sí ìpilẹ̀ ipò ọ̀rẹ́ ìyàwó.

Ìyàwó tó ń sunkún kì í dá rìn, gẹ́gẹ́ bí arugbá kì í ti í dá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun. Yóò lọ láti ojúlé dé ojúlé, yóò máa dágbére fún bàbá, ìyá àti gbogbo ẹbí, yóò máa ki oríkì ìdílé, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbè é. Bí ohùn rẹ̀ bá fẹ́ já, àwọn ló ń gbé e. Àwọn ló ń bá a kó owó àti ẹ̀bùn tí ẹbí bá ta á lọ́rẹ. Ẹni tí kò mọ ègbè kò wúlò níbẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò sìn ín lọ sílé ọkọ. Níbi yìí, àwọn àgbà obìnrin ló ni iṣẹ́: àwọn ló ń fa ìyàwó lé ìyálé ilé lọ́wọ́, àwọn ìyàwó ilé a sì fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọdébìnrin kan láti inú ẹbí ìyàwó máa ń bá a dúró fúngbà díẹ̀, kó lè rí ẹni rán níṣẹ́, kó sì ní ojúlùmọ̀ nínú ilé àjèjì. Bí mo bá rí ọmọdébìnrin tí wọ́n fi ṣe ìyàwó kékeré lónìí, nínú aṣọ tó jọ ti ìyàwó gan-an, ọmọ yẹn ni mò ń rántí.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ le ju èyí lọ. Oko àna ni wọ́n ti ń dán wọn wò. Ọkọ ìyàwó yóò bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, wọn yóò kó ọkọ́, wọn yóò lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó tàbí kí wọ́n bá a tún òrùlé ṣe. Ìdọ̀bálẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ń jùmọ̀ ṣe lóde òní, nínú fìlà kan náà, ìyókù iṣẹ́ yẹn ni lójú tèmi.

Yìgì, ìgbéyàwó àwọn Mùsùlùmí, ní àwọn tirẹ̀. Ẹni tí yóò fi ìyàwó fún ọkọ gbọ́dọ̀ wà, bàbá rẹ̀ tàbí aṣojú bàbá, wọ́n á dárúkọ sàdáàkì, ẹlẹ́rìí méjì á sì jókòó. Ìwà ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè bóyá òun àti ọkọ jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

Àwọn onígbàgbọ́ bá ọ̀rẹ́ ọkọ pàdé nínú Bíbélì. Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, ọgbọ̀n ọ̀rẹ́ ni wọ́n mú wá láti wà pẹ̀lú Sámsónì níbi àsè ìgbéyàwó rẹ̀. Ní Róòmù àtijọ́, obìnrin tí kò tíì fẹ́ ju ọkọ kan lọ ni wọ́n ń yàn láti so ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Ní oṣù kejì 1840, ọdún ogun Òṣogbo yẹn gan-an, ọmọbìnrin méjìlá aláṣọ funfun ló gbé ìdí aṣọ Ọbabìnrin Victoria ní London, àwọn ọlọ́lá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kọ́ títí ó fi dé Èkó.

Ohun tó yí ipò wọn padà jù ni òfin. Ní 1884, ọdún tí Bíbélì Yorùbá parí lódindi, ìjọba Èkó ṣe òfin ìgbéyàwó alákọsílẹ̀. Òfin tí a ń lò báyìí ní kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán fọwọ́ sí ìwé, kí ti ṣọ́ọ̀ṣì sì wáyé láàárín agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ìrìn òru ṣe di ìrìn ọ̀sán nìyẹn. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò bá a wọ̀lú, wọ́n sì mú àṣà ṣọ́ọ̀ṣì Èkó dání. Láti ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ ìyàwó ti ń fi kálàmù ṣiṣẹ́. Àbúrò ìyàwó tó ń ka lẹ́tà ìtọrọ sókè náà, ilé ìwé ló bí ipò rẹ̀.

Alárinà ló ṣáájú gbogbo wọn. Òun ló ń wádìí ìdílé, gbèsè, àìsàn àti ìwà, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé e bọ̀. Bójú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹra, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúrò níbi ìdána. Alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ fún ẹbí ọkọ, alága ìjókòó ń dáhùn fún ẹbí ìyàwó. Ìyàwó ilé tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tàbí àgbà kan nínú ẹbí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ owó ni báyìí, ó sì ń dùn mí pé ẹni tí kò mọ orúkọ ìyá ìyàwó títí di àárọ̀ ọjọ́ náà ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìdílé. Omi ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò tíì bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Àwọn ìyàwó ilé ló ṣì ń dà á, wọ́n sì lè jiyàn lórí ẹni tí yóò dà á ju bí ìyàwó ṣe ń ronú lórí ẹni tí yóò dúró tì í.