Owó àkókò ìrìnàjò láàárín ibi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Owó àkókò ìrìnàjò ni owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún wákàtí tí òṣìṣẹ́ lò lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n rán an kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Ó yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, tí í ṣe iye tí òṣìṣẹ́ kó lé awakọ̀ lọ́wọ́. Kò sì kan ìrìn àárọ̀ láti ilé dé ibi iṣẹ́, tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í kà mọ́ iṣẹ́. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, òfin sọ̀rọ̀ ní tààrà lórí ọkọ̀ àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ya abala kankan sọ́tọ̀ fún wákàtí ojú ọ̀nà.

Bí iṣẹ́ ṣe ń rí ní agbègbè náà

Iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ kì í dúró sójú kan. Agbaṣẹ́ṣe tí ó ní ilé mẹ́ta lọ́wọ́ lè kó bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti lébìrà láti Ọ̀nà Ọ̀dà lọ sí Ìdànrè láàárọ̀, kí ó tún kó wọn padà wá sí Ọba-Ilé lọ́sàn-án. Àwọn tí ń gbá ọ́fíìsì máa ń ti Alágbàká bọ́ sí Ìjàpọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Àwọn tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nídìí òpó tẹlifóònù lè ti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, kí wọ́n sì kọjá sí Ilé-Olúji lọ́jọ́ kan náà.

Bí ó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: wọ́n á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ pé síbi tí irinṣẹ́ wà ní aago méje àárọ̀. Píkọ́ọ̀pù á gbéra ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, sìmẹ́ǹtì àti àkàbà á wà lẹ́yìn, àwọn èèyàn á jókòó lé e. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré ní sáìtì ni fọ́ọ̀mánù máa ń kọ sínú ìwé. Àárín aago méje sí ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn wà. Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ lè má tètè rí ohun tó sọnù, nítorí iye kan náà ni yóò gbà nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ń gba owó oṣù pẹ̀lú ófátáìmù ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn jù.

Abala 14 Òfin Iṣẹ́

Òfin tó ṣe pàtàkì jù ni Òfin Iṣẹ́, tí àwọn amòfin mọ̀ sí Labour Act. Ìjọba ológun ló gbé e jáde ní 1974, ó sì wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti 2004. Abala 14 rẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ rin kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ibi iṣẹ́ tó ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ sí sáìtì mìíràn, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tàbí owó tí yóò dípò rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ yẹ fún kíkó èèyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, wọn kò sì gbọdọ̀ kún inú rẹ̀ ní àkúnjù. Ó ṣòro láti sọ pé píkọ́ọ̀pù tí èèyàn jókòó lé sìmẹ́ǹtì nínú rẹ̀ bá apá tó kẹ́yìn yìí mu.

Ìwọ̀n kìlómítà 16 yìí, tó súnmọ́ máìlì 10, ló ń pín agbègbè náà sí méjì. Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ lé ní kìlómítà 40, Ìdànrè náà sì kọjá 16, nítorí náà abala 14 bò wọ́n. Ṣùgbọ́n láti Alágbàká sí Ìjàpọ̀ tàbí Ọba-Ilé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Òṣìṣẹ́ tí ń gba ibi iṣẹ́ mẹ́rin kọjá láàárín ìgboro Àkúrẹ́ lè lo wákàtí púpọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ju ẹni tó lọ sí Ìdànrè lọ, síbẹ̀ abala 14 kò fún un ní nǹkan kan. Òfin náà kò sọ iye tí owó ìdípò yóò jẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ nípa aago.

Wákàtí iṣẹ́

Nítorí ìyẹn, abala 13 ni ẹni tó bá fẹ́ gba owó àkókò máa ń gbára lé. Abala náà ní wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ fẹnu kò lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn dúnàádúrà lé, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ gbé kalẹ̀ níbi tí kò ti sí ètò ìdúnàádúrà. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni ófátáìmù. Bí àdéhùn bá sọ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje níbi tí wọ́n ti ń pé jọ, ó jọ pé ìrìnàjò tó tẹ̀ lé e wà nínú wákàtí iṣẹ́. Bí àdéhùn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rí. Abala 7 sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wákàtí àti owó iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́, àdéhùn ẹnu ló wọ́pọ̀.

Òfin owó oṣù tó kéré jù kò ran òṣìṣẹ́ tó ń wá owó àkókò lọ́wọ́ púpọ̀. Òfin 2024 gbé e sí ₦70,000, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì fi tirẹ̀ sí ₦73,000, ṣùgbọ́n oṣù ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe wákàtí. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sì sí lábẹ́ òfin náà.

Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀

Abala 91 Òfin Iṣẹ́ yọ àwọn aṣojú àti àwọn tí ń rìn kiri tajà fún iléeṣẹ́ kúrò lára àwọn tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́, níwọ̀n bí iṣẹ́ wọn bá ti wà lẹ́yìn ọgbà iléeṣẹ́. Ó yọ àwọn ọ̀gá àti onímọ̀ iṣẹ́ náà. Àdéhùn tiwọn nìkan ni wọ́n ní.

Ibi tí a ń gbé ẹjọ́ lọ

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lára ohun tí ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àkúrẹ́ kò lè ṣòfin láti yí kìlómítà 16 padà. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, NICN, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin náà fún un láṣẹ láti wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé, láti sì lo àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìlànà ilẹ̀ òkèèrè ti lè wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò de adájọ́.

Ilẹ̀ òkèèrè

Ní Amẹ́ríkà, ìrìnàjò láti sáìtì kan sí òmíràn lójúmọ́ jẹ́ wákàtí iṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin 1947 yọ ìrìn láti ilé sílẹ̀. Ìlànà 2015 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ọ́. Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tirẹ̀ dájọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2015, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Tyco ní Spéènì, pé fún òṣìṣẹ́ tí kò ní ibi iṣẹ́ kan pàtó, ìrìn láti ilé sọ́dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́ àti láti ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn padà sílé jẹ́ àkókò iṣẹ́.

Jàǹbá ojú ọ̀nà

Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti 2010 gba ọ̀nà mìíràn. Ó bo jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé òṣìṣẹ́, ibi tó ti máa ń jẹun, tàbí ibi tó ti ń gbowó, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìsanpadà yìí, ló ń sanwó náà, láti inú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń dá. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́.