Kí ni AC1200 ara páálí adapter Wi-Fi túmọ̀ sí?

Lára páálí adapter Wi-Fi, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kí kọ̀ǹpútà lè gba Wi-Fi, àmì bíi AC600 tàbí AC1200 kì í wọ́n. Ẹni tó bá rí 1200 á rò pé Mbps 1200 (Mbps ni ìwọ̀n ìyára dátà) ni kọ̀ǹpútà òun yóò máa fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ ni: 300 ti ojú ìgbì 2.4 GHz, 867 ti ojú ìgbì 5 GHz. Méjèèjì jẹ́ 1167, wọ́n wá sún un sókè sí 1200 (oníṣòwò wo ni yóò sún un wálẹ̀?). Ojú ìgbì kan ṣoṣo sì ni irú adapter yìí ń lò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 867 ni òpin agbára rẹ̀. Ìyẹn náà, orí ìwé ni. Tí ògiri bá wà láàárín, tí router, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, sì jìnnà, bí ìdajì rẹ̀ bá wọlé, ó ṣe dáadáa.

Áńtẹ́nà ni 867 ti jáde. Nínú Wi-Fi 5, èyí tí AC dúró fún, bí ọ̀nà tí dátà ń gbà bá fẹ̀ tó 80 MHz, áńtẹ́nà kan lè gbé 433, méjì á gbé 867. Ìdí nìyí tí àwọn tó kéré bí èékánná fi sábà máa ń jẹ́ AC600: 150 àti 433, áńtẹ́nà kan péré. Kò sáyè fún èkejì.

Ihò USB náà ní tirẹ̀ láti sọ. USB 2.0 kò lè gbé ju Mbps 480 lọ, bó ti wù kí adapter yá tó. USB 3.0 ń gbé 5 Gbps, ó tó ó ṣẹ́kù, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń pariwo sórí 2.4 GHz, irú ariwo tí etí kò gbọ́ ṣùgbọ́n tó ń da Wi-Fi láàmú. Okùn USB kúkúrú tó gbé adapter kúrò lára kọ̀ǹpútà máa ń dín in kù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, irú tí wọ́n ń pè ní M.2, sàn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Mílímítà 22 sí 30 péré ni, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín méjì so ó mọ́ áńtẹ́nà tí wọ́n sábà máa ń tẹ́ sí ẹ̀bá ojú ìwòran, níbi tó ga. Ibi tí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ti ń ṣìnà ni Intel AX200 àti AX201. Ìbejì ni wọ́n lójú, Wi-Fi 6 ni méjèèjì, tó lè dé Mbps 2402 bí router bá lè lo ọ̀nà tó fẹ̀ tó 160 MHz. Ṣùgbọ́n AX200 ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lórí PCIe, ọ̀nà tí káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà AMD, tí chip rẹ̀ kì í ṣe ti Intel, náà lè lò ó. AX201 fi apá kan iṣẹ́ sílẹ̀ fún chip Intel inú kọ̀ǹpútà, ètò tí wọ́n ń pè ní CNVi. Bí wọ́n bá kì í bọ inú kọ̀ǹpútà AMD, á wọ ihò náà rẹ́gí, kò sì ní ṣiṣẹ́. Káàdì Intel mìíràn, AX210, tún ń gba ojú ìgbì 6 GHz, àmọ́ Windows 11 ló ń lo 6 GHz yẹn. Lórí Windows 10, káàdì náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lo 6 GHz.

Kí owó tó jáde, ó yẹ ká wo èyí tó wà nílẹ̀. Lórí Windows, ká ṣí Command Prompt, ká tẹ netsh wlan show drivers. Níwájú "Radio types supported", bí 802.11ax bá wà níbẹ̀, Wi-Fi 6 ti wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún, router ló kàn láti yẹ̀ wò.