Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ fún Obìnrin Onísáyẹ́ǹsì: Iṣẹ́ Tó Yẹ Kó Ṣáájú Fọ́ọ̀mù

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń bi mí jù lọ ni pé ṣé fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù ti jáde. Mo mọ ohun tó ń mú wọn béèrè. Owó ẹ̀kọ́ fún oyè kejì (master's) ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí, àwọn tó sì ti rí ìrànwọ́ gbà kì í sábà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró de fọ́ọ̀mù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti pẹ́, nítorí pé oṣù díẹ̀ péré ni fọ́ọ̀mù máa ń wà ní ṣíṣí, nígbà tí ohun tí wọ́n ń béèrè nínú rẹ̀ lè gba nǹkan bí ọdún kan kí ènìyàn tó kó o jọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ orílẹ̀-èdè yín. Ọ̀pọ̀ àjọ ló ń sọ pé àwọn obìnrin láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó ni àwọn ń ràn lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe àkọsílẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Láti ọdún 1971 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù lọ. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀, Orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Niger sì wà níbẹ̀. Báńkì Àgbáyé ní tirẹ̀ ń wo iye owó tó ń wọlé, ó sì ka Nàìjíríà mọ́ ìsọ̀rí tó wà lókè àwọn tó tòṣì jù lọ. Àwọn àjọ mìíràn tún máa ń ṣe àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n sì lè yí i padà. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá láti Kétu tó ń lo ìwé ìrìnnà Benin lè láǹfààní sí ìrànwọ́ kan tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní láǹfààní sí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ó sì dùn mí púpọ̀ láti rí ọmọ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ ìwé fún ibi tí wọn kò lè ka orúkọ rẹ̀ rárá.

Nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ fún obìnrin nìkan, OWSD ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àjọ àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè ni. Ọdún 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìlú Trieste ní Ítálì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, lábẹ́ UNESCO, orílẹ̀-èdè Sweden ló sì ti ń fún un lówó jù lọ fún ètò oyè ọ̀mọ̀wé (PhD). Obìnrin tó bá ti ní oyè kejì ni ètò náà wà fún, kò sì ní rán an lọ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà: orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń dàgbà sókè ni yóò ti kẹ́kọ̀ọ́, irú bíi Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ọmọ kan máa ń rojú bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Láàbù tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti iná tí kì í kú ni olùwádìí nílò, ó sì ń bẹ ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Osofisan, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti gbà á ní ọdún 1989.

Ẹni tó bá ń wo òkè òkun lè wo Faculty for the Future, tí Schlumberger Foundation bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Ó máa ń fún obìnrin tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní owó tó lè tó 50,000 dọ́là lọ́dún, ó sì máa ń ran ẹni tó ń ṣe ìwádìí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, àwọn obìnrin Nàìjíríà sì ti jàǹfààní nínú rẹ̀. Fún oyè kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Commonwealth Shared Scholarship wà fún tọkùnrin tobìnrin tí agbára wọn kò gbé e láti san owó ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni alábòójútó ìwádìí. OWSD ń béèrè lẹ́tà láti yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ pé wọ́n ti ṣetán láti gbà yín, Faculty for the Future náà sì fẹ́ mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń bá sọ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti gbọ́dọ̀ mọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kọ lẹ́tà kan náà sí ogójì ènìyàn. Ẹ wá ìwé ìwádìí méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ láìpẹ́, kí ẹ kà wọ́n tán, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tiyín kan tirẹ̀. Ká ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni ọmọ kan ṣe, tó sì fi èèpo kóró kájú, tó pọ̀ lágbègbè wa yìí, yọ òjé kúrò nínú omi nígbà projẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kó má ṣe kọ̀wé pé òun jẹ́ ọmọ tó múra sí iṣẹ́, tó sì ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Kó sọ iye òjé tó wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀ àti iye tó kù, ohun tí kò lè wọ̀n nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí, àti ìdí tó fi jẹ́ pé láàbù ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni ìdáhùn ti lè jáde. Ojú ìwé kan ti tó. Bí èsì kò bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó fi ọ̀wọ̀ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ̀wé sí ẹlòmíràn.

Lásìkò tí ẹ bá ń dúró de èsì, ẹ béèrè fún transcript yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò yín láti yunifásítì, nítorí pé ó lè pẹ́ kó tó jáde. Ẹ bá àwọn olùkọ́ tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fún wọn ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ̀rí wọn lè ní ìtumọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá yunifásítì náà yóò gba lẹ́tà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín, kí ẹ tó san owó IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yín náà níye lórí. Faculty for the Future máa ń wò ó bóyá obìnrin kan ti ń fa àwọn ọmọbìnrin mìíràn wọ inú sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó kọ́ni ní físíìsì lábúlé kan, tó sì dá ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ajáàwà tàbí Ìkòyí-Ilé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni kó lè bá yín “ṣe ọ̀nà”. OWSD, Faculty for the Future àti Commonwealth kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹ lè sanwó íntánẹ́ẹ̀tì àti owó ìwé títẹ̀ ní Under G, àdúgbò tó wà nítòsí LAUTECH. Ẹni tó bá ní ẹ mú owó wá kí orúkọ yín lè jáde, olè ni.

Fún obìnrin tó ti ní ọkọ àti ọmọ, OWSD ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní sandwich: ẹ ó forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé nílé, ẹ ó sì máa lọ lo àwọn oṣù kan ní láàbù tó wà lókèèrè, kí ẹ tó padà wálé. Ẹ jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú ọkọ àti ìyá ọkọ kí ẹ tó kọ̀wé, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, nítorí pé mo ti rí obìnrin tí wọ́n mú, tí kò sì lè lọ.

Ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ máa ń fi ọ̀rọ̀ gbogboogbò dáhùn ni ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá padà dé. Kíkọ pé ẹ fẹ́ sin ilẹ̀ baba yín kò tó. Ẹ dárúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ padà sí, ohun tí wọn kò lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ báyìí, àti ẹ̀kọ́ tàbí àyẹ̀wò tí ẹ̀yin fúnra yín yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé.