Lagos méjì, Ọ̀yọ́ mẹ́ta: bí géèmù ṣe ń tún dátà ṣe

Lagos kan wà ní Nàìjíríà, òmíràn wà létí òkun ní gúúsù Pọ́túgà. Kọ̀ǹpútà máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, torí lẹ́tà márùn-ún kan náà ló rí. Ti Ọ̀yọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlú ń jẹ́ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ọba àtijọ́ náà ń jẹ́ Ọ̀yọ́.

Inú dátà tí wọ́n so kọ́ra ni irú àṣìṣe yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ẹ wo Wikidata, àkójọ ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Gbólóhùn kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sì ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Wọlé Ṣóyínká, ibi tí wọ́n bí i sí, Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta náà ní ojú ewé tirẹ̀, ó so mọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ògùn so mọ́ Nàìjíríà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ Q1033. Bí okùn kan bá ṣèèṣì lọ sọ́dọ̀ Lagos ti Pọ́túgà, gbogbo ohun tó so mọ́ okùn náà á bá a ṣìnà. DBpedia, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ mìíràn tó ti wà láti 2007, ní ìṣòro kan náà, nítorí ètò kọ̀ǹpútà ló ń fa ọ̀rọ̀ yọ fún un láti inú Wikipedia.

Ojú ènìyàn ló ń rí àṣìṣe báyìí kíá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn lọ́fẹ̀ẹ́? Luis von Ahn, ọmọ Guatemala tó wà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà nígbà náà, rí ọgbọ́n kan dá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ESP Game tirẹ̀, ẹni méjì tí kò mọra ń wo àwòrán kan náà, wọn kò sì lè bára sọ̀rọ̀. Oníkálukú ń tẹ ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe àwòrán náà títí ọ̀rọ̀ wọn á fi bára mu. Àwòrán 15 ni wọ́n ń lé bá láàárín ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ́pọ̀ jù lórí àwòrán kan, wọ́n á fòfin dè é, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wá ohun tó jinlẹ̀ sí i. Ní 2006, Google gba géèmù náà lò. Àwọn méjèèjì kò lè gbìmọ̀ irọ́, ohun tó sì rọrùn jù láti fẹnu kò lé lórí ni ohun tó wà nínú àwòrán lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni agbára géèmù náà wà.

Àwọn olùwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ Hasso Plattner ní Potsdam, Jámánì, gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ sórí DBpedia. Inú gbólóhùn DBpedia ni géèmù wọn, WhoKnows?, ti ń ṣẹ̀dá ìbéèrè ìdíje. Tí ìbéèrè kan bá jẹ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ẹni tó ń dáhùn á tẹ bọ́tìnnì láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ẹjọ́ bá pọ̀ lórí gbólóhùn kan, ó di dandan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti Wikidata yàtọ̀ díẹ̀. Magnus Manske, ọmọ Jámánì, gbé géèmù kan síta fún un ní 2014. Káàdì kan á yọ lójú fóònù: orúkọ ènìyàn, ìlà àkọ́kọ́ nínú Wikipedia lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Káàdì mìíràn á gbé ojú ewé méjì síwájú ẹni: ṣé ohun kan náà ni? Bí ènìyàn bá ti tẹ ìdáhùn, ó ti wọ Wikidata lórúkọ rẹ̀, kò dúró de ẹlòmíràn. Àkọsílẹ̀ ohun tí oníkálukú ṣe ló ń dáàbò bo dátà níbẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè rí i kó sì dá a padà.

Géèmù mìíràn máa ń fi ìbéèrè tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ há àárín àwọn yòókù, kó lè mọ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì láìwò. Èyí dára púpọ̀. Ohun tó burú ni kí géèmù máa fi máàkì san ẹni tó yára jù, torí eré ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sá, kì í ka káàdì.

Ẹ jẹ́ ká wo káàdì tó sọ pé Táíwò. Ọkùnrin ń jẹ́ Táíwò, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kẹ́hìndé àti Ayọ̀délé. Bí àjèjì mẹ́ta bá fẹnu kò pé ọkùnrin ni, ìfẹnukò wọn kò sọ ọ́ di òótọ́. Ẹni tó bá sì ṣí Wikipedia Yorùbá kò ní rí ìrànlọ́wọ́ lára “ó” àti “rẹ̀”, torí tọkùnrin tobìnrin ló ń lò wọ́n. “Ọkọ rẹ̀”, “ìyàwó rẹ̀” tàbí oyè bí Ìyálóde ló ń tú àṣírí. Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì “kò dá mi lójú” fi ṣe pàtàkì: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò ba nǹkan kan jẹ́, káàdì náà ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó lè ka ìyókù ojú ewé náà.