Ìtọ́jú alángbá onírùngbọ̀n

Alángbá onírùngbọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Pogona vitticeps, jẹ́ ẹranko aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbẹ àárín Austrálíà. Awọ ẹlẹ́gùn-ún tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó máa ń wú, tó sì máa ń dúdú bí inú bá ń bí i, ni wọ́n ń pè ní irùngbọ̀n. Inú ẹbí Agamidae ló wà, ẹbí kan náà pẹ̀lú alángbá olórí pupa tó ń gun ògiri nílẹ̀ Yorùbá. Àgbà rẹ̀ a máa gùn tó 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà tòun tìrù, ó sì lè lo ọdún 10 lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn. Austrálíà kò gbà kí wọ́n kó o jáde fún títà. Ọmọ àwọn tí wọ́n ń sìn nínú ilé ni wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ooru ni ohun àkọ́kọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Àpótí àgbà kan kò gbọdọ̀ kéré sí 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní ìbú àti 60 ní gíga. Apá kan ni kí gílóòbù tó ń mú ooru wá wà, lókè òkúta pẹlẹbẹ, kí ojú òkúta náà gbóná tó 38 sí 42 °C. Apá kejì kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 26 °C lọ, kí ẹranko náà lè ríbi sá sí. Tẹmómítà kọ̀ọ̀kan ni kó wà lápá méjèèjì. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà kò dára, nítorí alángbá kì í tètè mọ̀ pé ikùn òun ń jó.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ìtànṣán UVB, apá kan ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kì í rí, ni awọ rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, èyí tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wúlò fún egungun. Gílóòbù UVB gígùn ni kí a tàn fún wákàtí 12 lójúmọ́, kí a sì pa á lálẹ́. Gíláàsì máa ń dí UVB, nítorí náà oòrùn tó gba inú fèrèsé títì wọlé kò ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdọọdún ni ó yẹ kí a pààrọ̀ gílóòbù náà bó tilẹ̀ ṣì ń tàn, torí pé UVB rẹ̀ ti máa ń dínkù kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí tó lọ. Bí èyí bá kùnà, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, egungun àgbọ̀n á rọ̀, ẹ̀yìn á sì wọ́.

Ọmọ rẹ̀ ń jẹ ìrẹ̀ àti aáyán tí a sìn, lójoojúmọ́. Kòkòrò náà kò gbọdọ̀ tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ewé tútù àti elégédé gígé wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ àgbà. Kí a máa bu ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù sí kòkòrò lára. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń de kálísíọ̀mù mọ́lẹ̀. Píà léwu fún un. Tanátaná ẹyọ kan sì lè pa á.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: onírùngbọ̀n a máa fi àìsàn pamọ́, nítorí náà òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ̀. Nígbà òtútù, ó lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rù. Bó bá ń rù, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Akọ méjì kì í gbé pọ̀ láìjà. Kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò àrùn Salmonella.

Abo lè yé ẹyin láìrí akọ. Bí kò bá sí iyẹ̀pẹ̀ tútù tó jìn tí yóò gbẹ́, ẹyin lè há sí i nínú, kó sì pa á. Ẹyin tó bá gba akọ, nǹkan bí 28 °C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ooru bá ju 32 °C lọ, àwọn kan tí àbùdá wọn jẹ́ ti akọ a máa di abo.