Ìdí tí wọ́n fi ń gé ẹran àpò ìtọ̀ yẹ̀wò

Ní àwọn abúlé etí odò Àsà àti odò Ọ̀yún, bí ọmọ bá tọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kán tẹ̀lé e, àtọ̀sí ajá ni wọ́n máa pè é, wọn kì í sì í sábà ṣì í pè. Omi tí ìṣáwùrú ń gbé ni kòkòrò rẹ̀ ti ń gba awọ ara wọlé, tó fi ń yé ẹyin sára àpò ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà máa tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, kó sì fọwọ́ lẹ́rán pé àtọ̀sí ajá ìgbà èwe ló tún dé, ewu ńlá ni. Ẹyin tó há síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè mú kí jẹjẹrẹ hù. Láti Cairo ni dókítà Ferguson ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1911. Sìgá mímu náà ń fa jẹjẹrẹ yìí.

Ojú nìkan kò lè mọ̀ ọ́n. Àpá ẹyin kòkòrò máa ń rí bí iyanrìn lára àpò ìtọ̀. Jẹjẹrẹ kan sì wà tí kì í yọ kókó rárá: pẹrẹsẹ ló ń tẹ́, á kàn pọ́n díẹ̀ bí ibi tí àìsàn lásán ti mú kó wú. Síkáànù kì í sábà rí irú èyí.

Nítorí náà, dókítà á ti ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná àti kámẹ́rà gba ojú ìtọ̀ wọlé, á da omi sí i kí àpò náà lè ṣí dáadáa, á wá gé bíńtín níbi tó fura sí. Mìlímítà díẹ̀ ni. Wọn kì í gé e káàkiri láìnídìí. Àfi bí wọ́n bá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìtọ̀, tí kámẹ́rà ò sì rí nǹkan kan, ni wọ́n á mú díẹ̀díẹ̀ níbi púpọ̀.

Inú fọ́málíìnì ni ẹran náà ń lọ ní kíá kó má baà bàjẹ́. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á rì í sínú ìda, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n á sì pa á láró. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti jẹjẹrẹ á wú, á dúdú láàárín, á dà rú.

Ibi tí àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyí: ẹran yìí ló ń sọ bó ṣe jìn tó. Èyí tó ṣì wà lójú awọ inú, wọ́n lè ha á kúrò láti inú ọ̀pá yẹn kan náà, tàbí kí wọ́n máa fi BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí à ń gún fún ọmọ tuntun, sínú àpò ìtọ̀. Èyí tó bá ti wọ iṣan ẹran, gbogbo àpò ìtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ.

Ẹni tó bá wá gba èsì rẹ̀ ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Ọ̀ṣẹ́ tàbí níbòmíràn, kó bi dókítà bóyá iṣan ẹran wà nínú ohun tí wọ́n ha, nítorí láìsí i, wọn ò lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti wọ ibẹ̀. Bí kò bá sí, tí jẹjẹrẹ náà sì ti kọjá awọ inú, wọ́n ní láti tún un ha.